Iyanrìn Tí Ẹnìtàn Bù Nídìí Eléèéfín

Ní Towé, nítòsí Pobè, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ìbínú Ẹnìtàn, kò ní láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kó ṣáà sọ níwájú rẹ̀ pé òkun jìnnà sí Pobè. Yóò dá ẹsẹ̀ dúró nínú kòtò epo, yóò nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ìró, yóò wá bi onítọ̀hún pé ṣé ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó gbé bàbá àgbà òun mì. Kì í ṣe oníjà ènìyàn o. Ẹlẹ́po ni. Epo pupa àti àdín ló ń ṣe láti ìgbà wúńdíá, ó fi tọ́ ọmọ, ó fi kọ́lé onípáánù, kò sì sí obìnrin tó lè fẹsẹ̀ gún ẹyìn nínú kòtò kó pẹ́ tó o láti Towé dé Aguidi. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan òkun, ojú rẹ̀ á yí padà, nítorí òkun ni kò jẹ́ kó sin bàbá rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Bàbá àgbà náà ń jẹ́ Dúrótìmí. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yìí kó má baà lọ, òun gan-an ló wá lọ jìnnà jù lọ nínú gbogbo ilé. Láyé ìgbà náà, ọkọ̀ ojú irin ń wá títí dé Pobè, ó ń kó èkùrọ́ àti epo gba Sakété lọ sí Àjàṣẹ́, láti ibẹ̀ ni ẹrù náà ti ń dé etíkun Kútọnu, kí àwọn òyìnbó tó gbé e lọ sílé wọn. Iṣẹ́ alárùú ni Dúrótìmí fi bẹ̀rẹ̀. Àpò èkùrọ́ ló ń tẹ̀ lé, ó tẹ̀ lé e títí ó fi dé ojú òkun, níbi tó ti rí ọkọ̀ irin ńlá kan tí èéfín ń rú lórí rẹ̀ bí ilé tó ń jó. Ẹlòmíràn ì bá sá padà sílé. Òun ní òun á bá a lọ. Wọ́n fi í sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nídìí iná, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣọ́bìrì da èédú sẹ́nu ààrò kí omi inú ìkòkò irin ńlá kan lè máa hó, nítorí ooru omi yẹn ló ń ti ọkọ̀ náà lọ. Nígbà tó délé tó sọ pé omi gbígbóná ló ń ti ọkọ̀, wọ́n ní iná ti yí i lórí. Eléèéfín ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà nílé.

Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Nígbà tó lọ kẹ́yìn, ó fi ọmọ kan tó ń rákòrò sílẹ̀, Fádèyí, tí í ṣe bàbá Ẹnìtàn, ó sì fi oyún sílẹ̀ nínú ìyàwó rẹ̀. Eléèéfín kò tíì kúrò ní Kútọnu lọ́jọ́ náà. Ó ti kún dé ọrùn, ó ń múra àtilọ, ni iná bá sọ nínú ẹrù. Epo àti èkùrọ́, ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń jó. Kí àwọn tó wà létíkun tó pariwo tán, ọkọ̀ ti rì. Ọmọ ìlú Takon kan tí òun àti Dúrótìmí jọ ń da èédú ló yè é, nítorí pé ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, ó sì ti gun òkè lọ tọ̀. Ó dì mọ́ àgbá epo kan, ìgbì gbé e jù sórí iyanrìn. Òun ló fẹsẹ̀ rìn dé Towé wá sọ fún wọn pé, “Ìdí iná ni mo fi í sí.” Nígbà tó yá, ọkùnrin náà wọ ìjọ Àgùdà, wọ́n sọ ọ́ ní Fortuné, ó sì bẹ fádà pé kó má da omi náà pọ̀ jù, pé òun ti ṣe ìrìbọmi tòun tẹ́lẹ̀.

Nínú ilé Dúrótìmí, ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wálé wá sin. Ta ni yóò wá gé irun ẹni tó wà nísàlẹ̀ òkun? Wọn kò sin ín. Àṣà ilé náà sì tún ní ọmọ kì í ṣáájú bàbá rẹ̀ gba ìsìnkú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Fádèyí náà gbó tó kú, ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, ó tán. Kò sí ètùtù, kò sí orin, kò sí ọmọ tó jó. Lọ́dọọdún tí ẹbí bá pé jọ, tí wọ́n ń ta omi sílẹ̀ tí wọ́n ń pe orúkọ àwọn òkú ilé, wọ́n á dé ọ̀dọ̀ Dúrótìmí, wọ́n á fò ó, wọ́n á sì fo Fádèyí mọ́ ọn. Ẹnìtàn á dúró láàárín wọn, á máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fo bàbá tó máa ń gbé e lé èjìká lọ sóko, àfi bí ẹni pé kò wáyé rí. Ó ń dùn ún. Ó ń dùn ún ju ikú náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹni tó ń pe orúkọ náà ni Bàbá Ògúnṣínà, olórí ẹbí, àbúrò Fádèyí. Òun ni oyún tí Dúrótìmí fi sílẹ̀ lọ. Ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, kò sí ẹni tó jù ú lọ ní gbogbo Towé mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí abẹ. Àìmọye ìgbà ni Ẹnìtàn ti kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀wù Dúrótìmí kan tó kù sí ìsàlẹ̀ àpótí sin ín.

“Ẹ̀wù kì í ṣe ènìyàn,” ni bàbá náà máa ń wí. “Èmi tí n kò fojú kan bàbá mi, àkísà ni kí n wá pè ní bàbá? Lọ fún epo rẹ.”

Ẹnìtàn á dìde, á máa kùn lọ. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti gbà pé orí kunkun ni bàbá yìí fi ń ṣe àgbà.

Ibi tí ilẹ̀kùn gbà ṣí ni ọ̀dọ̀ Huguette, àbíkẹ́yìn Ẹnìtàn, tó lọ́kọ sí Kútọnu. Ìyá rẹ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́ ọkọ náà. Arnaud ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Sakété ni níhà ìyá, ìyẹn dára, ó gbọ́ èdè, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀; ṣùgbọ́n apẹja ni àwọn ará ilé bàbá rẹ̀, iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ sì ń ṣe, Ẹnìtàn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó wà láyé. Ó ń mú àwọn àlejò lọ sísàlẹ̀ òkun lọ wòran. Wọ́n á gbé ìgò irin tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ pọ̀n, wọ́n á fi rọ́bà bọ ẹnu, wọ́n á sì wọ omi lọ bí ẹni wọ yàrá. “Kí ni wọ́n sọnù síbẹ̀?” ni Ẹnìtàn bi ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tó lọ kí wọn, tí wọ́n jọ ń jẹun, Arnaud na fóònù rẹ̀ sí i pé kó wo ohun tí àwọn ń lọ wò. Ìkòkò irin kan ni, ó tóbi ju yàrá lọ, ó dá dúró nísàlẹ̀ omi, ẹja ń gba ẹnu rẹ̀ wọlé jáde.

“Àwọn yovó, àwọn òyìnbó yẹn, máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá torí ẹ̀, Màmá. Àwọn bàbá wa tó ń pẹja ti mọ ibẹ̀ tipẹ́, torí àwọ̀n wọn máa ń ya níbẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ eléèéfín kan ló rì síbẹ̀ láyé òyìnbó. Ẹrù inú ẹ̀ ṣì wà. Èkùrọ́ ni, ó dúdú bí èédú.”

Òkèlè tó wà lẹ́nu Ẹnìtàn, kò jẹ ẹ́, kò tú u dànù, ó kàn gbé e mì. Ó ní kí Arnaud tún fi ìkòkò náà han òun. Ó wò ó títí, ó gbé fóònù náà mọ́ àyà, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀ níwájú àna.

Ó padà sí Towé, ó rò ó fún Bàbá Ògúnṣínà. Bàbá náà pa ojú dé, wọ́n rò pé ó ti sùn lọ. Nígbà tó la ojú, ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, iyanrìn ìdí iná tí bàbá òun kú sí lè dúró fún irun àti èékánná. Ara Ẹnìtàn ti ń yá gágá, àfi bí bàbá náà ṣe fi kún un pé, “Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni yóò fọwọ́ ara ẹ̀ bù ú. A kì í rán àlejò lọ gé irun òkú ẹni. A kì í sì rán àna.”

Ẹ ò bá wo àwọn ọkùnrin ilé náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yìn ń ro ẹni kan, etí ń dun ẹnì kejì, ẹnì kẹta rántí pé ọ̀pẹ òun wà tí wọn kò tíì kọ. Huguette ì bá lọ, oyún inú rẹ̀ ti di oṣù keje. Ẹnìtàn wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. Obìnrin tó ti tó ìyá àgbà ni, kò rì bọ inú omi kọjá àyà rí, omi kòtò epo náà sì ni. Ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró, ó ní, “Ẹ gbé ẹ̀yìn yín jókòó. Èmi ń lọ.”

Arnaud mú un lọ sí pìsíínì òtẹ́ẹ̀lì kan, adágún omi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Níbẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ rọ́bà dúdú kan wà tó ń lẹ̀ mọ́ ara; Ẹnìtàn ní láéláé, òun kò ní wọ ohun tí yóò máa ya ìdí òun sóde fún ọkọ ọmọ òun. Wọ́n bá a jà títí, ó gbà láti wọ̀ ọ́, ó sì sán ìró lé e lórí, ó ká a gba àárín ẹsẹ̀ bí àwọn obìnrin ṣe ń ṣe nínú kòtò epo. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbé omi pìsíínì mu. Arnaud kò rẹ́rìn-ín. Òun ní ìyọnu tirẹ̀. Báwo ni ènìyàn ṣe ń sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ pé “Ẹ dákẹ́, ẹ wò mí”? Kó tó kọ́ ọ ní ohunkóhun, á kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Kó tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, á tún tọrọ gáfárà. Bí obìnrin náà bá ṣì í ṣe, á ní ó dára, Màmá, ó kù díẹ̀. Pẹ̀lú ìyẹn náà, ó kọ́ ọ. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu nìkan mí, bí wọ́n ṣe ń di imú kí wọ́n fọn ún kí etí lè là, àti bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ níbi tí ohùn kò sí. Ẹnìtàn ní ẹ̀mí gígùn; ẹni tó ti ń gún ẹyìn láti kékeré, àyà rẹ̀ kì í ṣe àyà ọ̀lẹ.

Ìgbà ọyẹ́ ni òkun Kútọnu máa ń rọ̀ díẹ̀, tí ojú omi á sì mọ́. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n ń retí pé, Bàbá Ògúnṣínà ní dandan, òun náà ń bọ̀. Wọ́n gbé e wọ mọ́tò láti Towé, wọ́n fi í jókòó sórí àga lábẹ́ igi àgbọn létíkun, Huguette dúró tì í. Kò rí òkun rí. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì yí ojú sí ilẹ̀.

Ẹnìtàn ní tirẹ̀ ti jí ní kùtùkùtù. Àdín tuntun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló gbé wá láti ilé. Ó fi pa ojú, ó fi pa ọrùn, ó pa á kanlẹ̀ títí ara rẹ̀ fi ń dán. Ṣé ènìyàn á ṣojú gbígbẹ lọ bá bàbá àgbà tí kò rí i rí ni? Arnaud rí i bó ṣe ń dán bọ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ó tún pa á dé. Ó ní, “Ẹ kú ìmúra, Màmá,” ó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ó sì wà á kúrò létíkun.

Nígbà tí wọ́n dé ojú ibẹ̀, Arnaud di ìgò irin mọ́ ọn lẹ́yìn, ó fi màsíkì onígíláàsì bò ó lójú àti nímú, wọ́n sì wọ omi. Wọn kò tíì lọ jìnnà tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọ inú màsíkì náà. Ó kọ́kọ́ dé imú, ó dé ojú, iyọ̀ ta á, kò ríran mọ́. Ẹ̀rù ba Ẹnìtàn, ẹ̀rù gidi, irú èyí tó ń mú ènìyàn gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹrù àna rẹ̀ mú, ó ń tàpá. Arnaud gbé e gòkè, ó gbé e sínú ọkọ̀, Ẹnìtàn ń wúkọ́, ó ń pọ omi iyọ̀.

Nígbà tó mí dáadáa, ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní ó ti parí, òkun ti kọ òun, wọ́n á máa fo bàbá òun lọ títí láé. Lẹ́yìn náà ló ṣàkíyèsí pé Arnaud tẹ orí ba, kò wo ojú òun.

“Arnaud, kí ló ṣe màsíkì náà?”

“Kò sí ohun tó ṣe é, Màmá.”

“Kí ló wá dé tí omi fi wọ̀ ọ́?”

Arnaud wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. “Ẹ má bínú, Màmá. Àdín ni. Màsíkì kì í di ojú tó bá lóróró mú, ṣe ló máa ń yọ̀.”

“Ìgbà wo lo mọ̀?”

“Láti àárọ̀.”

“O wá mú mi wọ òkun?”

“Ta ni mo jẹ́, Màmá? Ṣé èmi ni n ó sọ fún ìyá ìyàwó mi pé ó pa ìpara jù, kó lọ bọ́jú?”

Ẹnìtàn wò ó. Ìbínú kọ́kọ́ ru, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tó fẹ́ bínú sí. Ta ló kọ́ ọmọ yìí ní ọ̀wọ̀ bí kì í bá ṣe irú àwọn ìyá bíi tòun? Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì. “Fetí sílẹ̀. Lónìí yìí, èmi kì í ṣe àna rẹ. Ẹrù tí ò ń rù ni mí. Bí mo bá ṣe é bí kò ṣe yẹ, pariwo mọ́ mi. Ó yá, fọ ojú mi.”

Ìgò ọṣẹ olómi kékeré kan wà nínú ọkọ̀, èyí tí wọ́n fi ń fọ gíláàsì màsíkì kó má baà ṣú. Arnaud da ọṣẹ náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ó kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Ó wá fọ ojú ìyá ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń fọ ojú ọmọ tuntun, ó fọ etí, ó fọ abẹ́ àgbọ̀n, ó bu omi mímu sí i láti fi ṣan án. Ó sì pariwo mọ́ ọn nítòótọ́, pé kó jókòó jẹ́ẹ́, kó má gbọn orí. Ẹnìtàn jókòó jẹ́ẹ́.

Lẹ́ẹ̀kejì, màsíkì náà lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ń di imú, ó ń fọn ún, etí rẹ̀ ń là. Omi náà kò dúdú bó ṣe ń rò ó lórí ibùsùn láti gbogbo ọdún yìí wá. Àwọ̀ ewé ni, oòrùn ń ràn wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Eléèéfín yọ. Irin rẹ̀ ti jẹ, ó ti hu irun bí ẹran, ẹja wẹẹrẹ ń kọjá lójú wíńdò rẹ̀. Ìkòkò ńlá náà dúró láàárín, ó ga, ó dákẹ́, ẹnu ààrò sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí iná níbẹ̀ mọ́. Ohun tó wọ Ẹnìtàn lọ́kàn jù lọ nìyẹn: pé ibẹ̀ tutù. Láti kékeré ló ti ń rí bàbá àgbà rẹ̀ nínú iná, ọkùnrin tó ń jó tí kò jó tán. Ibi tí ó wà nìyí, ó tutù, ó mọ́ rokoṣo, ìdákẹ́jẹ́ sì wà níbẹ̀. Ara Ẹnìtàn balẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn pẹ̀lú gbogbo ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì kí bàbá àgbà náà nínú ọkàn, nítorí rọ́bà wà lẹ́nu. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí ẹnu ààrò, ó bu iyanrìn, ó dì í, ó rọ ọ́ sínú àpò aṣọ kékeré tó so mọ́ ọrùn. Arnaud kò fọwọ́ kàn án. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó yí ojú síbòmíràn, bí ọmọlúwàbí ṣe ń ṣe nígbà tí ẹbí bá ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí orí rẹ̀ yọ sí òde, ó já rọ́bà kúrò lẹ́nu, ó sì hó yèè débi pé àwọn apẹja tó wà lọ́ọ̀ọ́kán dáwọ́ dúró. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni sọ ẹrù igi kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀nà oko gígùn. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pe Arnaud ní ọkọ òun, ó ń pè é ní bàbá òun, ó ń fi àpò náà gbá a láyà. “Wọn ò ní fò ó mọ́! Ṣé o gbọ́? Wọn ò ní fo bàbá mi mọ́!” Arnaud náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, ó ní omi òkun ni.

Wọ́n dé èbúté. Bàbá Ògúnṣínà ti dìde kúrò lórí àga, ó gbára lé ọ̀pá, ó kọjú sí òkun wàyí, Huguette di apá rẹ̀ mú. Ẹnìtàn bọ́ sílẹ̀ nínú omi tó dé orúnkún, ó ń rìn bọ̀ pẹ̀lú ìró tó ń kán tótó. Ó kúnlẹ̀, ó tú àpò náà, ó gba gèlè rẹ̀ lọ́wọ́ Huguette, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì da iyanrìn lé e. Kò pọ̀. Ó funfun díẹ̀, dúdú díẹ̀.

“Bàbá, a ti mú wọn dé.”

Ó ń retí kí arúgbó náà yẹ̀ ẹ́ wò, kó bi í bóyá ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi bù ú lóòótọ́, kó rí ẹ̀sùn kan kà sí i lẹ́sẹ̀. Ojú iyanrìn náà ni Bàbá Ògúnṣínà ń wò. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ lé Huguette lọ́wọ́. Ó bọ́ fìlà. Ó fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó fi èkejì, ó sì na gbogbo ara rẹ̀ gbalaja, ó dojú bolẹ̀ níwájú gèlè náà. Láti ìgbà tó ti di olórí ẹbí, Ẹnìtàn kò rí i kí bàbá yìí dọ̀bálẹ̀ fún ẹnì kankan, nítorí kò sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ ní Towé. Arnaud sáré wá gbé e.

“Fi mí sílẹ̀,” ni arúgbó náà wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ti di ohùn ẹni tó kéré. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan iyanrìn náà díẹ̀díẹ̀.

“Ẹ kú àbọ̀, Bàbá. Èmi ni Ògúnṣínà. Ìyá mi ní bí ẹ bá ti dé, kí n sọ fún yín pé ọkùnrin ni àwọn bí.”